Àrọwà Kí Wọ́n Má Fọ Kọ̀ǹpútà Kẹrin

Yàrá Kejì, Ìsàlẹ̀ Ilé,
Ojúlé Kọkàndínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Réluwéè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Wádìí Iná Ilé-iṣẹ́ Fóòmù,
Àjà Kẹta, Ilé Ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀRỌWÀ KÍ WỌ́N MÁ FỌ KỌ̀ǸPÚTÀ ALÁGBÈÉKÁ KẸRIN TI Ẹ̀KA ÀBẸ̀WÒ, NÍTORÍ Ọ̀RỌ̀ ẸLẸ́RÌÍ TÓ ṢEÉ ṢE KÓ ṢÌ WÀ NÍNÚ RẸ̀

1. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni akọ̀wé kejì ní Ẹ̀ka Àbẹ̀wò. Iṣẹ́ wa ni láti lọ bá àwọn ẹlẹ́rìí tí ara wọn kò lè gbé wọn dé iwájú Ìgbìmọ̀ nílé wọn, kí a sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. N kò kọ̀wé sí ẹni tó ju ọ̀gá ẹ̀ka mi lọ rí. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì, torí n kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá èyí tí ènìyàn lè gbé mì, ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí ó bọ́ sórí.

2. Kí n tètè sọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò gba gbogbo kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹ̀ka wa, wọn yóò sì fọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífọ̀ ni pé kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, títí yóò fi dà bí ìgbà tó kọ́kọ́ jáde nínú páálí. Mo bẹ̀ yín pé kí wọ́n fọ àwọn yòókù, kí wọ́n fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí.

3. Fọ́ọ̀mù tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sí wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú ohunkóhun àfi tó bá rí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Òfin kẹfà ti ẹ̀ka wa kò sì gbà kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, tàbí kí a gba ohùn ẹlẹ́rìí sínú fóònù, tàbí kí ẹnì kẹta jókòó tì wá nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, láti ilé ẹlẹ́rìí títí dé ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbòmíì láyé àfi nínú iyè ẹ̀rọ yẹn.

4. Olùkọ́ tí wọ́n mú wá kọ́ wa ní ìlò rẹ̀ ṣàlàyé pé oorun méjì ni kọ̀ǹpútà ń sùn. Èkíní ni òògbé: ẹ̀rọ á pajú dé, ṣùgbọ́n á ṣì máa jẹ bátìrì díẹ̀díẹ̀, bí bátìrì bá sì tán, gbogbo ohun tó wà ní iyè rẹ̀ á lọ. Èkejì ni oorun àsùnwọra: kó tó sùn, á kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí tó wà nínú ara rẹ̀, á wá kú pátá bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bátìrì ìbáà tán, bó bá jí, á bá ọ̀rọ̀ níbi tó fi í sí. Wọ́n ṣètò ẹ̀rọ tiwa pé bí a bá ti pa ìdérí rẹ̀ dé, oorun àsùnwọra ni kó sùn. Báyìí ni mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí mọ́kànlá wá sí ọ́fíìsì tí ẹyọ kan kò já bọ́ nínú wọn.

5. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, wọ́n ra pírńtà ńlá fún àjà kẹta. Àwọn tó tà á gbé pírńtà kékeré kan dání láti fi kọ́ wa, wọ́n sì fi ètò tó ń bá pírńtà sọ̀rọ̀ sínú gbogbo kọ̀ǹpútà wa. Kọ̀ǹpútà tèmi, ìyẹn ẹ̀kẹrin, ni onímọ̀ ẹ̀rọ wa fi dán an wò. Ó ní kó tẹ ojú ìwé ìdánwò kan jáde lára pírńtà kékeré. Kí ìwé náà tó jáde, àwọn tó ni pírńtà ti fa okùn rẹ̀ yọ, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n ti lọ. Kò sí ẹni tó rántí ojú ìwé náà mọ́. Kọ̀ǹpútà nìkan ló rántí.

6. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà kẹrin kò ti sùn mọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀. Báàgì gbóná lórí itan mi débi pé obìnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá oúnjẹ ni mo gbé, pé òórùn rẹ̀ nìkan ni òun kò tíì gbọ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì tí mo ṣí i wò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ́, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, bátìrì tí mo fi sílẹ̀ ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ti wálẹ̀ sí méjìlélógójì. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Orí ló yọ mí.

7. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn ẹ̀rọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tún un tàn. Ìdáhùn kejì náà nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, onímọ̀ ẹ̀rọ gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó ki okùn iná bọ̀ ọ́, ó pa ìdérí rẹ̀ dé, ó ka ení, èjì dé ẹ̀wá. Ó ní ó ti sùn. Mo fi iná kékeré tó ń ṣẹ́jú hàn án. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, ẹni tó sùn náà ń mí." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ó jù mí lọ, kò sì fi ìkà sọ ọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: a ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí ti ọmọ tí ibà kò jẹ́ kó sùn nílé, tó dé ilé ìwòsàn tán tó ń bá nọ́ọ̀sì ṣeré. Ta ni yóò gba ìyá rẹ̀ gbọ́?

8. N kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ tó bá pírńtà wá wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó ṣí i. Mo ń kà á ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ojú ìwé mẹ́rin lójúmọ́. Ní ojú ìwé kẹtàdínlógún, wọ́n kọ ọ́ pé bí iṣẹ́ kan bá ṣì wà lórí ìlà tí kò tíì jáde, ètò pírńtà kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn, kí iṣẹ́ náà má baà já lágbedeméjì. Mo ṣí ìlà náà wò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ojú ìwé ìdánwò ọjọ́sí ni, ó ṣì ń dúró de pírńtà kékeré tí wọ́n ti gbé lọ. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ẹ kú oríire. Pírńtà yín ti ń ṣiṣẹ́."

9. Mo gbìyànjú láti pa á rẹ́. Ẹ̀rọ ní n kì í ṣe ẹni tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, pé kí ẹni tó fi í ránṣẹ́ wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Mo lọ bá onímọ̀ ẹ̀rọ, mo ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ó ní iṣẹ́ tó bá ti gba páásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù, kí ọ̀gá ẹ̀ka sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ẹ̀ka fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú àlàyé pé ìwé ẹ̀sùn ti fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo kọ̀wé lápapọ̀. Ẹ̀dà méjèèje ni mo fi há inú lẹ́tà yìí. Mo béèrè fún kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n ní kò sí. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, obìnrin tó láàánú ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ní kí n ṣáà máa yá ẹsẹ̀ ńlẹ̀, kí n máa tètè dé kí bátìrì tó tán.

10. Ẹlẹ́rìí kejìlá mi ni baba tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ fóòmù. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń so mọ́ ìbàdí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́ yọ, géètì ẹ̀yìn wà ní títì. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó ń rán ìbora mátírẹ́ẹ̀sì há sẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn kò yè é. Àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ti wá sọ níwájú yín pé baba ló dá géètì tì fúnra rẹ̀, tó wá ibì kan lọ sùn. Kò sí ẹlòmíì tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ àfi òun. Iná ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò lè gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán mi.

11. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, ni mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bátìrì mi kún dẹ́nu. Yàrá kan ni, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ baba wà lórí ìrọ̀rí méjì nínú báńdéèjì. Kò sí iná mànàmáná. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún mi, ó sì jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Bó ṣe ń jáde, ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ òun bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ o, pé ilẹ̀ á ṣú bá wa. Baba wo ọwọ́ mi lórí àwọn bọ́tìnnì, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń sáré tó báyìí rí tí kò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣeré mọ́. Wákàtí méjì ó dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi sọ̀rọ̀. Bó bá sọ gbólóhùn kan, á dúró kí ọwọ́ mi bá a. Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀, ó ní ara òun fúyẹ́, pé òun ti ń wá ẹni tí òun yóò kó o fún láti ọjọ́ iná náà.

12. Bátìrì ku mẹ́rìndínlógójì. Mo pa ìdérí dé, torí òfin kò gbà kó ṣí sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ń tún afárá ṣe lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀sì wa kò kúrò lójú kan fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Mo gbé báàgì lé itan, mò ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń fẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tí mo lè ṣe sí i. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ọ́fíìsì kí bátìrì tó tán. Bí mo bá jókòó, yóò tán náà ni. Mo jókòó. Kí a tó kọjá afárá, afẹ́fẹ́ náà dákẹ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì tí mo ki okùn iná bọ̀ ọ́, fọ́ọ̀mù jáde ní funfun báláú, ó sì bi mí pé, "Ẹ káàbọ̀. Kí ni orúkọ ẹlẹ́rìí?"

13. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka ní wákàtí kan náà. Mo fẹ́ padà lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ní nọ́ńbà tí a fún baba ti di lílò, pé fọ́ọ̀mù tuntun gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tuntun, pé ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n sì ń ṣí ìwé nọ́ńbà. A fi í sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá, rọpárọsẹ̀ mú baba. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́.

14. Mo lọ náà ní ọjọ́ Ajé, nọ́ńbà tuntun wà lọ́wọ́ mi. Baba dá mi mọ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà tó wà ní abẹ́ apá mi, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí n máa bi í léèrè kó máa mi orí. Mo bi í bóyá ọ̀sán ni iná ṣẹ́ yọ, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá òru ni, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wá bi í bóyá èmi ni mo bí i, ó tún mi orí. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi baba sílẹ̀ kó sinmi.

15. Ọ̀gá ẹ̀ka ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta, òun náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo rántí pé baba ní òun kò ti géètì ẹ̀yìn ní ọ̀sán rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo rántí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ẹ̀kẹta lára ìdì, pé eyín rẹ̀ kan ti kán, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè díẹ̀ kò lè fi ṣí nǹkan kan. Mo rántí pé kété tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, ẹnì kan wá bá a pé àwọn kan ń kó fóòmù gba ẹ̀yìn jáde, pé kó ti géètì, kó sì kó kọ́kọ́rọ́ náà fún òun. Baba ní àwọn obìnrin wà lẹ́yìn géètì. Ẹni náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo rántí pé ọ̀nà géètì iwájú ni baba ń lọ láti tọrọ kọ́kọ́rọ́ náà padà nígbà tí òórùn iná kàn án, pé ó sáré padà láìní kọ́kọ́rọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ ta irin géètì títí bàtà rẹ̀ fi yọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo èyí ni mo lè búra lé lórí. Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni n kò rántí.

16. Baba dárúkọ ipò ẹni náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àpótí kékeré kan yọ sójú ẹ̀rọ tó bo fọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀, tó ní, "Pírńtà kò dáhùn. Ṣé kí a tún gbìyànjú?" Mò ń fi ọwọ́ òsì lé àpótí náà kúrò, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọ̀rọ̀ baba lọ, kí ó má baà dúró. Ọ̀rọ̀ náà gba etí mi kọjá sí ìka mi láìyà lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń wí: ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ni ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mẹ́rin ló lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà: ọ̀gá àgbà, ọ̀gá tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́, olùtọ́jú ilé ẹrù, àti àna ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Mo ti jókòó sí yàrá mi, mo pe ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ohùn bíi ti baba, bóyá etí mi á dá ọ̀kan mọ̀. Kò dá ìkankan mọ̀.

17. Ìyàwó baba wá dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Sọ pé ọ̀gá àgbà ni. Ta ni ò mọ̀ pé òun ni?" Mo wí fún un pé mi ò gbọ́ ọ, mà. Ó ní, "O jókòó tì í láàárọ̀ dọ̀sán, o ò gbọ́ ọ. Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, kì í dáhùn. Ìyá tó bí mi pàápàá ní kí n fi ẹni tó bá yẹ síbẹ̀, pé irọ́ tí a fi gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run kì í kà á sí irọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò ní tàn yín: mo rò ó fún odindi ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ipò ẹni tí kì í ṣe òun síbẹ̀, èmi náà ti ti géètì mọ́ ẹlòmíì nìyẹn.

18. Akọ̀wé àgbà ti sọ pé ojú ìwé mẹ́ta tí mo kọ kì í ṣe ẹ̀rí, torí kò ti inú fọ́ọ̀mù jáde, ẹlẹ́rìí kò sì tẹ̀ka sí i. Òótọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. N kò gbé kọ̀ǹpútà kẹrin lọ, torí òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo kàn ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní nígbà tí mo pa ìdérí dé, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ pamọ́ kí ètò pírńtà tó fà á padà, pé èyí tó bá ti kó kò ní parẹ́ lọ́gán, yóò wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti tàn án láti ìgbà náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó fa ètè mọ́ra. Ó ní, "Ó lè wà, ó lè má wà. Má tàn án mọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lè fọ̀ ọ́, kó o lọ gbàgbé ẹ̀."

19. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, n kò tàn án mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún ni ìwé jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé a ti rí i pé ètò pírńtà ń dí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́wọ́ láti sùn, pé wọn yóò fọ gbogbo wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀sùn akọ̀wé kejì ló jẹ́ kí àwọn wo ọ̀rọ̀ náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ wá sí ìdí tábìlì mi, ó ní, "Jẹ́jẹ́, o borí. Inú ẹ á dùn báyìí." Ohun tí mo fi ẹ̀ẹ̀méje bẹ̀bẹ̀ fún ló dé yìí, òun náà ni mo sì ń fi lẹ́tà yìí bẹ̀ pé kó má dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun kò lè yọ ẹyọ kan sílẹ̀ láìjẹ́ pé àṣẹ wá láti àjà kẹta. Mo sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka mi. Ó ní òun kò ní agbára lórí ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn ẹ̀rọ. Wọ́n dáhùn pé ẹ̀sùn náà ti yanjú.

20. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n wá gba kọ̀ǹpútà kẹrin ṣáájú ìyókù. Mo sọ fún wọn pé ó wà nílé, pé mo gbàgbé rẹ̀. Kò sí nílé. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì mi, mo sì ti í pa. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa ní ọ́fíìsì yìí nìyẹn. Wọ́n ní bí n kò bá gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì yìí, àwọn yóò mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà. N kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Akọ̀wé kejì ni mí. Wọ́n ti fún mi ní kúẹ́rì tẹ́lẹ̀ lórí àìbìkítà, mo sì ti dáhùn rẹ̀. Bí ìyà bá tún wà lórí irọ́ yìí, mo ṣetán láti jẹ ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ níhìn-ín.

21. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ pàṣẹ, kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, pé kí wọ́n má fọ kọ̀ǹpútà kẹrin. Kí ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó sọnù nínú ẹ̀rọ, kí ó wò ó níwájú yín, kí n má sí níbẹ̀ pàápàá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi nǹkan kún un. Mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má tíì ti ìwé ẹ̀rí pa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kéde, kí àyẹ̀wò náà lè parí. N kò lè ṣèlérí pé wọn yóò rí nǹkan kan. N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ojú ìwé kan, ó lè jẹ́ ìlà kan, ó lè jẹ́ òfo.

22. Ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn. Láàárọ̀ òní, wọ́n lẹ àkójọ àwọn ẹlẹ́rìí mọ́ ògiri ìsàlẹ̀. Ìyàwó baba wà níbẹ̀, ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ka ti ọkọ òun fún òun. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú ẹlẹ́rìí kejìlá ni pé: "Kò sọ ohunkóhun." Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó yí padà, ó rí mi, ó sì jáde. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí wọ́n bá wá inú ẹ̀rọ náà tí wọn kò rí nǹkan kan, tàbí tí ẹ kò bá lè dá wọn dúró kí wọ́n má fọ̀ ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ inú ìwé àbájáde yín. Ẹ kọ síbẹ̀ pé baba sọ̀rọ̀. Ẹ kọ síbẹ̀ pé akọ̀wé Ìgbìmọ̀ gbà á sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí èkejì, àti pé lọ́wọ́ wa ló ti sọnù.

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn yín, n kò mọ ẹlòmíì tí mo lè kọ̀wé sí.

Èmi ni, nínú iṣẹ́ yín àti pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Akọ̀wé Kejì,
Ẹ̀ka Àbẹ̀wò.

Ohun tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn méje, ojú ìwé mẹ́ta ohun tí mo rántí, tí mo fi àyè ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní òfìfo.